Ewé Tí Mo Já Kọjá Ààlà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tutọ́ sílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bínú sí mi. Ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí, itọ́ ló máa ń kún mi lẹ́nu, torí ohun tí mo ṣe rí mi lára ju ìgbẹ́ ajá lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, Ìyá Kọ́lá ni wọ́n ń pè mí ní Ìtàjí-Èkìtì. Ìwé kejì ni mo kà dé tí bàbá mi fi ní kí n wá máa pọn àwọn àbúrò mi. Fẹ́rànmí, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí sínú fóònù rẹ̀. Ayọ̀ mi ni ọmọ yìí. Bó bá ti wọlé, orúnkún kì í dùn mí mọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe, kó kọ ọ́ bó ṣe korò. Ó ń rẹ́rìn-ín báyìí. Tó bá yá, ẹ̀rín á tán lẹ́nu rẹ̀, torí ìyá rẹ̀ ni mo ṣẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ ni mo ń gbìn. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílùú ńlá lè má mọ̀ pé a kì í gbin hóró ẹ̀gẹ́ bí àgbàdo. Igi rẹ̀ la ń gé, tí a ń rì mọ́lẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ àwa obìnrin àgbẹ̀ wa, èèwọ̀ ni kí ẹnìkan ta igi ẹ̀gẹ́ fún ẹnì kejì. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, a ó wo oko ẹni tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ dára jù, a ó sì ṣí i. Gbogbo ẹgbẹ́ á wọ ibẹ̀ lọ gé igi lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí a ṣí oko rẹ̀, àwọn yòókù á bá a ro oko lọ́dún náà, wọn á gún iyán fún un, wọn á sì máa kí i ní Ìyá Igi.

Ọdún ń lọ, ọdún ń bọ̀, èmi ni Ìyá Igi. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi ju orúkọ tí bàbá mi sọ mí lọ.

Àbẹ̀ní, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí a ti ń pọnmi, kò jẹ ẹ́ rí. Oko èmi àti tirẹ̀ fara kanra. Pèrègún tí àwọn bàbá wa gbìn ni ààlà wa.

Òjò àkọ́rọ̀ èṣí ni Abdulazeez dé. Ọmọ Ìlọrin ni, ó ń kàwé iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì tó wà ní Ọ̀yẹ́. Ó gbé àpò kékeré kan tó dà bí àpò oúnjẹ ọmọ iléèwé dání. Nínú rẹ̀ ni àwọn ọ̀rá kéékèèké, ìgò omi tín-ín-rín, àti àwọn bébà tẹ́ẹ́rẹ́ funfun.

Ìyá Ifátóyìn, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi nínú ẹgbẹ́ wa, mú ọ̀kan, ó yí i wò. "Ó jọ èyí tí wọ́n fi ń yẹ oyún wò ní ọsibítù. Abdulazeez, ta ló fún ẹ̀gẹ́ wa lóyún?"

"Màmá, ẹni náà gan-an ni mo wá ń wá," ni ọmọ náà fèsì. A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wa.

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì. Bó bá wọ ẹ̀gẹ́ lára, ewé á pọ́n yẹ́ẹ́, á kákò bí awọ tí iná rà, ìdí rẹ̀ á sì tín-ín-rín bí ìka ọmọdé. Ó ní eṣinṣin funfun kéékèèké ló ń gbé e kiri, ṣùgbọ́n àwa gan-an là ń gbé e jù, nínú igi tí à ń fún ara wa.

"Ṣé a ò ní fojú rí i lára ewé ni?" ni mo bi í.

"Kì í ṣe gbogbo ìgbà, Màmá. Ẹ̀gẹ́ mìíràn á gbé e sínú, ewé rẹ̀ á ṣì máa dán. Ẹ ó rò pé ara rẹ̀ le. Ẹni tí ẹ bá fún nígi ni yóò jìyà rẹ̀."

Ó já ewé, ó fi í sínú ọ̀rá, ó ro omi sí i, ó sì fi ìgò tẹ̀ ẹ́ títí ó fi di oje. Ó ti bébà bọ̀ ọ́. A dúró. Ìlà pupa kan jáde. "Ìlà kan, ó mọ́. Ìlà méjì, àìsàn wà níbẹ̀." Kò ní bátìrì, kò ní iná, kò sì wọ́n. Orí àkùrọ̀ pàápàá, ẹ lè ṣe é.

Ó wò wá, ó ní, "Màmá Kọ́lá, ẹ̀yin ni màá kọ́."

"Èmi tí n kò kàwé?"

"Ẹ ò nílò ìwé. Ìlà ni ẹ ó máa kà."

Ẹ̀yin ará, ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Láti kékeré ni mo ti ń gbé Bíbélì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni gbé búrẹ́dì, tí n kò lè ṣí i. Ọjọ́ yẹn ni mo rí ohun tí èmi náà lè kà. Ọmọ náà kó bébà díẹ̀ fún mi kí n máa fi dánra wò. Ìyá Ifátóyìn bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi ní Dókítà Ẹ̀gẹ́. Bí mo bá ń kọjá lójú pópó, mo máa ń rọra rìn, kí wọ́n lè ráyè kí mi dáadáa.

Ẹgbẹ́ wa ṣe òfin tuntun. A ò ní ṣí oko kankan mọ́ láìyẹ ewé rẹ̀ wò. Oko méjì ló dára jù lọ́dún náà, tèmi àti ti Àbẹ̀ní. Tèmi ló ga jù, ewé rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀.

Kí ọjọ́ àyẹ̀wò tó pé, mo já ewé kan lóko mi, mo jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná, mo ṣe é bí ọmọ náà ṣe kọ́ mi.

Ìlà méjì.

Mo ní bóyá ọwọ́ mi ò mọ́. Mo fọwọ́, mo lọ já òmíràn ní apá ibòmíràn nínú oko. Ìlà méjì. Wọ́n pọ́n bí ojú ẹni tó ń bínú.

Àsìkò yẹn ló yẹ kí n jáde síta kí n sọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Èmi kọ́ ni mo dá àìsàn. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ní, "Àbẹ̀ní ni wọ́n máa kí ní Ìyá Igi." Mo rí i bí wọ́n ṣe ń gbé iyán lọ sí ilé rẹ̀. Ó dùn mí bí ìgbà tí wọ́n fi ata sójú mi.

Nǹkan mìíràn tún wà nílẹ̀. Ọdúnayọ̀, ìyàwó Kọ́lápọ̀ ọmọ mi tó ti di olóògbé, ìyá Fẹ́rànmí tó ń bá mi kọ̀wé yìí, ń retí igi lọ́dọ̀ mi. Òmù-Èkìtì ni wọ́n bí i sí. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin gbà kó dáko sórí ilẹ̀ bàbá wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìkórè kan péré ni àwọn fi dán an wò. Bí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ bá yọrí, ilẹ̀ di tirẹ̀. Bí kò bá yọrí, kòkó ni àwọn ó gbìn síbẹ̀. Ilẹ̀ yẹn nìkan ni opó náà ní tí yóò fi bọ́ àwọn ọmọ ọmọ mi. Mo mọ gbogbo èyí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, wọ́n ní kí oníkálukú já ewé wá láti oko rẹ̀. Mo dé oko mi, mo kọjá gbogbo ẹ̀gẹ́ mi. Mo dé ìdí pèrègún, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo na ọwọ́ kọjá ààlà, mo já ewé Àbẹ̀ní.

Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé ewé tirẹ̀ dúró pọ́n, tèmi kò pọ́n. Wọn yóò mọ̀. Mo bá fi eyín gé ọ̀pá náà dànù. Oje rẹ̀ ta sí mi lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ mọ oje ewé ẹ̀gẹ́ tútù, ẹ mọ bó ṣe ń korò. Mo tutọ́, mo fi omi yọ ẹnu, mo jẹ obì. Kò lọ.

Abdulazeez yẹ̀ ẹ́ wò níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ó ní, "Dókítà, ẹ kà á fún wa."

"Ìlà kan," ni mo wí.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ewé Àbẹ̀ní náà jẹ́ ìlà kan. Abájọ, ewé rẹ̀ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n torí pé oko mi ló tóbi jù, wọ́n ní tèmi ni kí wọ́n ṣí. Àbẹ̀ní ló kọ́kọ́ dì mọ́ mi. Ó ní, "Ìyá Igi, o tún jẹ ẹ́." Mo fi ojú pamọ́ sí èjìká rẹ̀. Ó rò pé ayọ̀ ni.

Wọ́n wọ oko mi lọ. Ọdúnayọ̀ gé igi títí apá rẹ̀ fi wú. Nígbà tí ọlọ́kadà di ẹrù náà tán, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú mi.

"Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ ti fi oko lé mi lọ́wọ́. Kọ́lápọ̀ ń rí yín níbi tó wà."

Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo súre fún un. Ẹ gbọ́ mi o. Mo mọ ohun tó wà nínú igi yẹn, mo sì súre lé e lórí. Bí mo bá rántí ọwọ́ mi lórí gèlè ọmọ yẹn, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé kí n lọ fi kàn-ìn-kàn-ìn bó o.

Òjò ń rọ̀, oṣù ń lọ. Ọdúnayọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí.

"Màmá, ewé mi ń pọ́n o. Ó ń kákò. Ṣé mo rì í jù ni?"

"Oòrùn ni," ni mo wí. "Fọkàn balẹ̀."

Ó tún pè. "Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti wá wò ó. Bọ̀dá Adéwùnmí ní òun ti sọ ọ́, pé ọwọ́ obìnrin kò bá ilẹ̀ yìí mu. Màmá, mi ò mọ ohun tí mo ṣe."

"Ilẹ̀ Òmù yẹn ló le," ni mo fèsì. Mo pa fóònù. Mo sì jẹ iyán tí ẹgbẹ́ gbé wá fún Ìyá Igi lọ́jọ́ yẹn, mo jẹ ẹ́ tán.

Àwọn mìíràn nínú ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ewé ń kákò níbí, ewé ń kákò lọ́hùn-ún. Wọ́n wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Ìyá Ifátóyìn ní, "Dókítà, kí ló ń ṣe wá?"

Ẹ wò ó, mi ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Mo kàn sọ pé, "Ṣé ẹ ti wo eṣinṣin funfun tó wà lóko Àbẹ̀ní? Afẹ́fẹ́ tí í fẹ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ló ń fẹ́ sí."

Ó tó bẹ́ẹ̀. Kí oṣù tó parí, ẹnikẹ́ni ò yà sí oko Àbẹ̀ní mọ́. Bó bá kí wọn lọ́nà, wọ́n á dá a lóhùn láìwojú rẹ̀. Òun nìkan ni kò mọ ìdí rẹ̀. Ó tún gbé ilá wá fún mi, ó jókòó, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, kí ni mo ṣe fún ayé?" Mo gba ilá. Mo ní ayé ló burú. Ìkorò yẹn sì tún yọ sí mi lẹ́nu, bí ẹni pé àárọ̀ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ewé náà jẹ.

Ọdúnayọ̀ fúnra rẹ̀ ló pe Abdulazeez. Ọmọ náà gbé àpò rẹ̀ lọ sí Òmù, ó yẹ ẹ̀gẹ́ wò káàkiri oko. Ìlà méjì ní gbogbo ibi. Ó bi í pé, "Níbo ni ẹ ti gba igi?"

"Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi nìkan."

"Èyí tí ó mọ́ yẹn?"

Wọ́n gun ọ̀kadà wá sí Ìtàjí. Mo ń bó ẹ̀gúsí nígbà tí mo rí wọn, pẹ̀lú Ìyá Ifátóyìn àti àwọn ẹgbẹ́ lẹ́yìn wọn. Àbẹ̀ní wà nínú wọn, ó dá dúró lẹ́yìn.

Abdulazeez kí mi dáadáa. Ó ní, "Màmá, bóyá èmi ni mo ṣe àṣìṣe lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Ẹ wo bí ọmọ náà ṣe ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi. Mi ò gbà á. Mo wí pé, "Kò burú. Ẹ dúró síbí, ẹ máa sinmi. Èmi á lọ já a wá."

"Gbogbo wa la jọ ń lọ," ni Ọdúnayọ̀ wí.

A dé oko. Ewé tèmi náà ti ń pọ́n lápá kan. Eṣinṣin funfun ń fò sókè bí eérú bí a ti ń fara kan igi. Wọ́n dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà, èmi ń wọlé lọ. Mo ń sọ̀rọ̀ bí mo ti ń lọ, mo ń bú eṣinṣin, mo ń bú oòrùn. Ẹsẹ̀ mi mọ ibi tó ń lọ. Ó gbé mi dé ìdí pèrègún. Mo tún na ọwọ́.

"Ọ̀rẹ́ mi."

Àbẹ̀ní ti gba inú oko tirẹ̀ yí ká. Ó dúró níwájú mi, pèrègún wà láàárín wa. Ọwọ́ mi ti wà lára igi rẹ̀.

"Ààlà rèé o," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ewé tìrẹ wà lẹ́yìn rẹ."

Mi ò lè fa ọwọ́ padà, mi ò sì lè já a.

"Mo rí ibi tí wọ́n ti já ewé yìí ní ọjọ́ àyẹ̀wò," ló tún wí. "Mo ní ewúrẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ń rò ó, pé ewúrẹ́ wo ni í já ewé orí kan ṣoṣo, tí kò ní fẹnu kan ìyókù? Mi ò fẹ́ rò ó dé ọ̀dọ̀ rẹ."

Àwọn yòókù ti dé ẹ̀yìn mi. Ìyá Ifátóyìn tí kì í dákẹ́ ní, "Uṣẹ́ rẹ rèé, Ìyá Kọ́lá?" Ó tutọ́ sílẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ mi. Abdulazeez yí ojú sápá kan bí ẹni tó rí ìyá rẹ̀ níhòòhò.

Ọdúnayọ̀ ló já ewé kan lára ẹ̀gẹ́ mi. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́, òun ló ti bébà bọ̀ ọ́. Nígbà tí ó jáde, ó gbé e sí ojú mi.

"Màmá, ẹ kà á."

"Ìlà méjì."

"Nígbà tí mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ẹ ti kà á?"

"Mo ti kà á."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró rẹ̀. Ó nu ún, ó tún un nù, bí ẹni tó fọwọ́ kan òkú eku. Ó yí padà, ó lọ.

A fa gbogbo ẹ̀gẹ́ oko mi tu, a sun igi rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tó gba igi lọ́dọ̀ mi sun tiwọn náà. Èéfín bo abúlé. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀, àfi Àbẹ̀ní tó ní kí n sún kúrò lójú iná.

Mo gba Òmù lọ. Mo kúnlẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n Ọdúnayọ̀, àwọn ọkùnrin tí mo lè bí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láì fi bò. Adéwùnmí fò dìde. "Màmá, ẹ dìde. Ẹ má fi ọjọ́ orí yín ṣépè fún wa." Mo ní mi ò ní dìde. Mo ní ọwọ́ obìnrin bá ilẹ̀ mu, ọwọ́ tèmi ni kò mọ́.

Wọ́n ti rì kòkó sí apá ìsàlẹ̀ ilẹ̀ náà. Ìyẹn ti lọ, kò lè padà mọ́. Wọ́n fún un ní apá òkè fún ìkórè kan sí i. Ohun tí mo rí gbà padà nínú ohun tí mo bàjẹ́ nìyẹn, ìdajì.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí, oko Àbẹ̀ní la ṣí. Mo ro oko fún un, mo gún iyán fún un, mo sì kí i ní Ìyá Igi. Kò rọrùn fún mi, ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n nígbà tó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ẹ̀rín Àbẹ̀ní, láti kékeré ni kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fajúro.

Kí a tó gé igi, Abdulazeez yẹ ewé wò. Mi ò mọ ohun tó rò, ó gbé bébà náà fún mi. Ó ní, "Màmá, ẹ bá wa kà á."

Mo gbé e sókè sójú oòrùn. Mo ní, "Ìlà kan."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ìyá Ifátóyìn gba bébà lọ́wọ́ mi, ó wò ó. Ó gbé e fún ẹni tó tẹ̀ lé e, ìyẹn náà wò ó. Ó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, oníkálukú ń fojú ara rẹ̀ kà á, mo sì dúró láàárín wọn. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n kà láyé yìí nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ Ọdúnayọ̀ ló parí sí. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ìlà kan ni lóòótọ́, Màmá." Ó wá fún mi ní àdá kan, a sì jọ bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi.

Nígbà tí a ṣe tán, àwọn tó kù gba àárín oko mi lọ sílé, torí ibẹ̀ ló yá. Èmi gbé ìdì igi tèmi rù. Mo dé ìdí pèrègún, mo dúró, mo tutọ́. Mo bá padà sẹ́yìn láì kọjá ààlà, mo gba ọ̀nà tó jìn.